Ẹ̀rọ Káfíńtà Tó Ti Dógùn-ún: Kí La Fi Ń Mọ Èyí Tó Tọ́ Sí Àtúnṣe?

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ káfíńtà nílùú wa, lábẹ́ tapólíìnì tí oòrùn ti sá ya, ẹ ó rí ẹ̀rọ alápapọ̀ ńlá kan tí ẹnikẹ́ni kò tanná sí láti bí ọdún mélòó kan. Ọ̀gá tó rà á ti lè dàgbà kọjá iṣẹ́, ọmọ rẹ̀ sì ti ń ra pákó tí wọ́n ti fá sílẹ̀ ní sọ́míìlì. Bí àwọn tó ń ra kóńdẹ́mù bá ń kọjá, wọ́n á fẹsẹ̀ gbá a wò, wọ́n á dá owó lé e ní kílò-kílò. Ẹnìkan nínú ẹbí á ní kí wọ́n máa gbé e lọ. Ẹlòmíràn á ní ó tì o, pé irin òyìnbó àtijọ́ kò lẹ́gbẹ́. Àwọn méjèèjì ń jà, kò sì sí èyí tó tíì ṣí tapólíìnì náà wò.

Ọjọ́ orí ẹ̀rọ kọ́ ló ń sọ bóyá ó tọ́ sí àtúnṣe, ìpẹtà ara rẹ̀ náà kọ́. Ohun mẹ́ta ló ń ṣe àlòkù ẹ̀rọ: ó lè dọ̀tí, ó lè bàjẹ́, nǹkan sì lè sọnù lára rẹ̀. Ẹ̀rọ tó dọ̀tí, agbára ló ń fẹ́. Èyí tó bàjẹ́, owó ló ń fẹ́. Èyí tí nǹkan sọnù lára rẹ̀ ló lè gba agbára àti owó, síbẹ̀ kó má ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá lè ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ kò ní kábàámọ̀, ìbáà ra ẹ̀rọ náà, ìbáà fi í sílẹ̀.

Kí ni ẹ̀rọ alápapọ̀?

Ẹ̀rọ alápapọ̀ ni èyí tó kó iṣẹ́ bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún jọ sórí ìdí kan ṣoṣo. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú àwọn tó ń ti Yúróòpù wá máa ń ní ayùn yíyípo, tí àwọn káfíńtà ń pè ní sákúlà. Ó máa ń ní ìfági òkè, tó ń mú kí ojú pákó tẹ́jú kí etí rẹ̀ sì gún, pẹ̀lú ìfági abẹ́, tí wọ́n ń ti pákó wọ̀ kó lè nípọn dọ́gba láti orí dé ìdí. Ó ní ọ̀pá òòró kan tí wọ́n ń pè ní spíńdù, tó ń gbẹ́ ọnà sí etí férémù ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ó tún sábà máa ń ní ibi tí wọ́n ti ń lu ihò mọ́táìsì, ihò gbọọrọ tí ẹnu igi kejì yóò wọ̀.

Ẹ fi wé ìyá tó ní àdògán kan àti ìkòkò márùn-ún. Kò sí ọbẹ̀ tí kò lè sè, àmọ́ ìkòkò kan ṣoṣo ló lè gbé kaná lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ alápapọ̀ rí. Kí wọ́n tó kúrò lórí ìfági òkè bọ́ sórí ìfági abẹ́, wọn á ká tábìlì sókè; kí wọ́n tó lo spíńdù, wọn á yọ gáìdì ayùn, irin tí pákó ń fara tì. Òmíràn ní mọ́tọ̀ iná kan tí wọ́n ń sún bẹ́líìtì rẹ̀ láti iṣẹ́ dé iṣẹ́, òmíràn sì ní mẹ́ta tí kálukú ń dá ṣiṣẹ́ tirẹ̀.

Ibi tí irú ẹ̀rọ yìí ti wá

Ohun tó bí i ni àìsí àyè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní General Joiner, tó ń là, tó ń fá, tó sì ń lu ihò, fún ilé iṣẹ́ tí kò lágbára láti ra ẹ̀rọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ọjà rẹ̀ wá gbòòrò. Hans Goldschmidt, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó ń gbé ní California, ló ṣe Shopsmith, tó jáde sọ́jà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1947. Ní Ítálì, ilé iṣẹ́ SCM ti ìlú Rimini gbé L'Invincibile jáde ní ọdún 1952. Felder bẹ̀rẹ̀ ní Austria ní ọdún 1956. Robland ti Bẹ́ljíọ̀mù pẹ̀lú Kity àti Lurem ti Faransé náà ṣe tiwọn.

Ìtàn yìí wúlò fún ẹni tó fẹ́ ra àlòkù, nítorí orúkọ tó wà lára irin ló ń sọ bóyá ẹ̀rọ náà ṣì ní ẹbí láyé. Ẹ wo Shopsmith. Ẹ̀yà rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Mark V jáde láàárín ọdún 1950 sí 1955. Nígbà tó di àárín ọdún 1960 sí 1969, wọ́n dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró. John Folkerth ló ra iṣẹ́ náà, tó sì tún un bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Dayton, Ohio, ní ọdún 1972. Nítorí pé wọn kò yí ìpìlẹ̀ rẹ̀ padà, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ló bá ti àtijọ́ mu. Ẹ̀rọ mìíràn tí wọ́n ṣe lọ́dún kan náà, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀, ti di ọmọ òrukàn: bí nǹkan bá kán lára rẹ̀, ara òkú ẹ̀rọ bíi tirẹ̀ nìkan ni wọ́n ti lè rí i yọ.

Àṣìṣe mẹ́rin tí àwọn èèyàn máa ń ṣe

Àkọ́kọ́ ni pé ìpẹtà ti pa á. Ìpẹtà orí tábìlì irin dídà kì í sábà jinlẹ̀. Epo òyìnbó, búrọ́ọ̀ṣì onírin, sáńpépà àti sùúrù ọjọ́ méjì lè bọ́ ọ kúrò. Bí ó tiẹ̀ fi ihò tíntìntín sílẹ̀, pákó kò ní mọ̀ ọ́n nígbà tó bá ń gba orí rẹ̀ kọjá. Ibi tí ìpẹtà ti ń ṣe ọṣẹ́ ni ara ọ̀pá tí bíárìn jókòó lé, ojú ibi tí tábìlì ti ń gòkè-sọ̀kalẹ̀, àti ẹnu ṣéènì àti eyín tó ń fa pákó wọ inú ìfági abẹ́.

Èkejì ni pé mọ́tọ̀ rẹ̀ ti jó, nítorí náà ó ti tán. Mọ́tọ̀ jíjó wà lára àìsàn tó rọrùn jù lọ láti wò. Àwọn tó ń wé mọ́tọ̀ wà ní gbogbo ìlú ńlá wa, mọ́tọ̀ mìíràn tó bá a mu sì wà lọ́jà. Ohun tí mọ́tọ̀ jíjó ń ṣe fún olùrà ni kó já owó ẹ̀rọ náà wálẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ti olùtajà tó ń sọ pé, "Ó ń ṣiṣẹ́, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀." Gbogbo ẹ̀rọ ló ń kọrin dáadáa lórí òfìfo. Ẹ gbé pákó líle dání, ìrókò tàbí màhògánì tó fẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n fá a níṣojú yín. Bí ohùn bá ń kú, bí bẹ́líìtì bá ń yọ̀, tàbí bí pákó bá jáde pẹ̀lú ojú tó rí bí omi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ìgbà náà lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ òtítọ́.

Ẹ̀kẹrin ni pé gbogbo irin àtijọ́ ló dára. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ wọn wúwo, ìwúwo sì ń dá ìgbọ̀nrìrì dúró. Àmọ́ láyé àtijọ́ náà, wọ́n ṣe èyí tó fúyẹ́ fún àwọn tó ń fi iṣẹ́ igi najú nílé: tábìlì alumíníọ̀mù, ìdí páànù, àti àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí wọ́n fi síńkì dà, tí wọ́n ń rún bí àkàrà gbígbẹ bí wọ́n bá ti gbó.

Bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ máa bá iṣẹ́ yìí lọ bí mo ṣe tò ó. Ìgbésẹ̀ tó ṣáájú kò náni lówó, ó sì lè dín wàhálà yín kù. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, rúlà irin tó gún, ìwé, bírò, òòlù kékeré kan, epo òyìnbó díẹ̀ àti ẹfun dání.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ohun tí kò sí. Ẹ wo gáìdì ayùn, gáìdì ìfági, pẹpẹ tó ń sún tí wọ́n fi ń gé pákó ní ìbú, ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí tábìlì, òrùka inú spíńdù, ẹnu tó ń di bíìtì mú níbi mọ́táìsì, àti àwọn ìbòrí ọ̀bẹ. Ẹ kọ ohun gbogbo tó sọnù sílẹ̀, kí ẹ wá pín in sí ọ̀nà méjì. Ohun tí tọ́nà, ìyẹn oníṣẹ́ tó ń gbẹ́ irin, lè gbẹ́ lórí ẹ̀rọ rẹ̀, bíi òrùka, píìnì, bóòtù àti ọwọ́, kì í ṣe àdánù ńlá. Àmọ́ ohun tí wọ́n fi irin dà ní ìrísí tirẹ̀, bí ìdí gáìdì tàbí àpótí eyín tó ń fa pákó, ẹ kọ́kọ́ rí i kí ẹ tó sanwó ẹ̀rọ. Ẹ má gba ìlérí pé "a máa rí i lọ́jà."

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá ibi tó sán. Irin dídà lágbára lábẹ́ ẹrù, àmọ́ kò fara da ìṣubú. Ibi tí wọ́n ti gbé e sọ̀ láti orí tírélà ló ti ń sán, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ ní etí ihò bóòtù, ní ẹsẹ̀ tábìlì, àti níbi tí ayùn ti ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹni tó ń ra ìkòkò amọ̀ lọ́jà ṣe ń fìka lù ú, kí ẹ fi òòlù kékeré kan irin náà jẹ́jẹ́. Èyí tó pé á dún bí agogo, èyí tó sán á dún pọ̀ọ́. Bí ẹ bá fura sí ibì kan, ẹ ta epo òyìnbó sí i, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wá wọ́n ẹfun lé e. Epo tó ti wọ inú ibi tó sán á jáde sára ẹfun náà, á sì fa ìlà fún yín.

Kì í ṣe gbogbo irin tó sán ló ti kú. Ẹsẹ̀ tó sán ṣeé jó, bí wẹ́dà bá lo ọ̀pá níkẹ́ẹ̀lì tàbí kó fi bàbà dì í. Ọ̀pá lásán tí wọ́n fi ń jó géètì yóò mú kó tún sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ibi tí wọ́n jó. Àmọ́ bó bá jẹ́ orí tí ọ̀bẹ ìfági wà, tàbí ilé bíárìn tó gbé e dúró, ló sán, ẹ dúró níbẹ̀. Ohun tó ń yí bí ìgbà 5,000 ní ìṣẹ́jú kan kì í ṣe ohun tí wọ́n ń lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo tábìlì bóyá ó tẹ́jú. Ẹ fi etí rúlà lé tábìlì ìfági ní òòró, ní ìbú, àti láti igun sí igun, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn. Ìwé tí wọ́n fi ń ṣe fọ́tòkọ́pì nípọn tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Bí ewé kan ṣoṣo bá lè wọ abẹ́ rúlà láàárín, kò burú fún iṣẹ́ ilẹ̀kùn àti bẹ́ẹ̀dì. Bí mẹ́rin bá wọ̀ ọ́ gẹrẹrẹ, pákó yín kò ní gún láéláé. Ẹ tún gbé rúlà gba orí tábìlì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọn kò bá dọ́gba, páànù tín-ín-rín tí wọ́n bá fi há abẹ́ ìdí wọn lè tún un ṣe. Àmọ́ bí tábìlì kan fúnra rẹ̀ bá ti lọ́, ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ tó ń fá ojú irin nìkan ló lè tún un ṣe, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fọwọ́ yí ọ̀pá. Kí iná wà ní pípa, kí ẹ yọ bẹ́líìtì, kí ẹ ṣọ́ra fún ọ̀bẹ, kí ẹ wá yí orí ìfági àti ọ̀pá ayùn díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń ha bí iyẹ̀pẹ̀ inú eyín, bíárìn ti jẹ. Ìyẹn kì í ṣe ìròyìn búburú: nọ́ńbà wà lára bíárìn, nọ́ńbà yẹn sì jẹ́ ọ̀kan náà kárí ayé. Bíárìn 6205, bí àpẹẹrẹ, ní ihò mìlímítà 25, ó fẹ̀ tó 52, ó sì nípọn tó 15, ìbáà jẹ́ Jámánì ni wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ náà tàbí Ítálì. Ẹni tó ń ta bíárìn n'Íbàdàn yóò nawọ́ mú un fún yín. Ohun tó burú ni kí ọ̀pá máa mì sókè-sódò pẹ̀lú bíárìn tuntun. Ìyẹn ni pé ara ọ̀pá fúnra rẹ̀ ti jẹ, tọ́nà tó mọ iṣẹ́ gan-an ló sì lè bá yín kọ́ ọ padà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ka pálétì ara mọ́tọ̀. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ló ń sọ irú iná tó ń jẹ. Iná Yúróòpù àti tiwa jẹ́ 50 Hz, nítorí náà wọ́n bára mu. Mọ́tọ̀ Amẹ́ríkà jẹ́ 60 Hz: lórí iná wa, ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà eré rẹ̀ ló máa sá, ó sì lè máa gbóná kọjá bó ṣe yẹ, yàtọ̀ sí trańsífọ́mà tí èyí tó bá jẹ́ 120 fóòtì yóò béèrè. Bí mọ́tọ̀ bá jẹ́ fééṣì mẹ́ta, tí fééṣì kan ṣoṣo sì wà ní ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ 230/400 sára rẹ̀. Èyí tó ní 230 lè gba ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní VFD, tó ń sọ fééṣì kan di mẹ́ta, bí oníṣẹ́ iná bá tún okùn inú mọ́tọ̀ náà so. Èyí tí wọ́n kọ 400/690 sí lára kò ní gbà bẹ́ẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ wo ohun tó ń dáàbò bo ìka. Bí orí tí ọ̀bẹ ìfági òkè wà bá jẹ́ onígun mẹ́rin dípò kó rí roboto, ẹ má rà á fún lílò. Àlàfo tó wà láàárín igun rẹ̀ ló ń fa ọwọ́ wọlé, tipẹ́tipẹ́ sì ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ̀ ọ́ fún ẹ̀rọ tí wọ́n ń fọwọ́ ti pákó sí. Ẹ wo ọ̀bẹ ẹ̀yìn ayùn, irin pẹlẹbẹ tí kì í jẹ́ kí pákó pa dé mọ́ ayùn kó sì ta padà sí àyà ẹni: kò yẹ kó jìnnà sí eyín ayùn ju mìlímítà mẹ́jọ lọ. Ẹ tún wo bọ́tìnì ìtanná rẹ̀. Èyí tó dára máa ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá lọ, kò sì ní tají nígbà tí iná bá dé, àfi bí ẹnìkan bá tún un tẹ̀. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ bíi tiwa, bọ́tìnì yẹn lè dá ìka ọmọ iṣẹ́ sí.

Ìṣirò owó rẹ̀

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Iye tí wọ́n pe ẹ̀rọ ni ẹ̀fà yẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ to àwọn yòókù sábẹ́ rẹ̀: ọkọ̀ àti àwọn tó máa gbé e, bíárìn àti bẹ́líìtì, ọ̀bẹ àti ayùn tuntun, mọ́tọ̀, oníṣẹ́ iná, tọ́nà, wẹ́dà, àti ọjọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín máa fi sílẹ̀ láìṣe iṣẹ́ oníbàárà. Nígbà tí ẹ bá ro ó tán, ẹ fi ìdajì iye àtúnṣe náà lé e, nítorí pé kò sí ẹ̀rọ tó sọ gbogbo àṣírí rẹ̀ kí wọ́n tó tú u.

Ká ní 100 ni wọ́n pe ẹ̀rọ náà, tí àtúnṣe rẹ̀ sì jẹ́ 120. Ẹ fi 60 lé 120, ó di 180. Gbogbo rẹ̀ wá di 280. Kí ẹ wá lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta irú rẹ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n fá pákó lórí rẹ̀ níṣojú yín. Bó bá jẹ́ 250, ẹ lọ ra ìyẹn. Bó bá jẹ́ 500, àtúnṣe pé yín. Bí iye méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ rà, torí owó òní ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pa, kì í ṣe ti oṣù mẹ́fà sí i.

Ẹni tó jogún ẹ̀rọ lè rò pé ọ̀fẹ́ ni tòun. Kì í ṣe ọ̀fẹ́. Owó tí ẹlòmíràn lè fún un lórí rẹ̀ bó ṣe wà yẹn ni 100 tirẹ̀. Bó bá jẹ́ nítorí ìrántí bàbá rẹ̀ ló ṣe fẹ́ tún un ṣe, ìdí pàtàkì ni ìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè bá a jiyàn; kó ṣáà má pè é ní òwò.

Ṣé ó bá iṣẹ́ yín mu?

Ẹ̀rọ lè yege nínú gbogbo ìdánwò wọ̀nyí, kó má sì wúlò fún ẹni tó rà á. Ẹ padà sórí ọ̀rọ̀ àdògán kan àti ìkòkò márùn-ún. Bí ẹ bá ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta, tí ọ̀kan ń là, tí ọ̀kan ń fá, tí ẹ̀kẹta fẹ́ gbẹ́ ọnà sí férémù, méjì á dúró máa wo ẹnìkan. Irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ àlòkù méjì tó dá dúró, ìfági kan àti ayùn kan, ló máa pé e jù. Àmọ́ ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀, tó sì lè fá gbogbo pákó ọjọ́ kan tán kó tó bọ́ sórí ayùn, òun gan-an ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ alápapọ̀ fún.

Ìdájọ́ rẹ̀ kò gùn. Bí irin rẹ̀ bá pé láìsán, tí tábìlì rẹ̀ tẹ́jú, tí ohun tó sọnù lára rẹ̀ kò kọjá ohun tí tọ́nà lè gbẹ́, tí iná rẹ̀ bá tiyín mu, tí ìṣirò rẹ̀ sì kéré sí iye èyí tó ń ṣiṣẹ́, ẹ gbé e, bó ti wù kó dógùn-ún tó. Bí orí ọ̀bẹ rẹ̀ bá sán, tàbí tí àpótí eyín rẹ̀ bá sọnù, ẹ jẹ́ kí àwọn oníkóńdẹ́mù máa gbé e lọ, bó ti wù kí ọ̀dà rẹ̀ máa dán tó. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sọ èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ kọ́kọ́ ṣí tapólíìnì.